Jẹ̀mílátù Ayọmáfikún

Bí ọ̀rọ̀ Jẹ̀mílátù bá délẹ̀ ní Ìlaró, ìdí àwòrán Alhaji Bàrúwà tó jókòó sínú afẹ́fẹ́ ni gbogbo ènìyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ṣàíbù, ọkọ rẹ̀, ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu oríṣiríṣi ènìyàn látìgbà tí obìnrin náà ti kú, kálukú ló sì ń fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Òun gan-an wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ń jẹ ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ìyàwó rẹ̀. Ó mọ̀ pé èyí tó ṣẹlẹ̀ ò nílò iyọ̀ kankan.

Ìgbà tí ìjọba ti ẹnu bodè ni. Ìrẹsì òkèèrè di ohun tí ènìyàn ń fi ohùn jẹ́jẹ́ dárúkọ. Àwọn aṣọ́bodè ń gba ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn lọ, wọ́n ń gba ọ̀nà Aiyétòrò bọ̀, wọ́n sì ń yọjú sínú bùùtù ọkọ̀ bí ẹni tí àbúrò rẹ̀ sọnù. Àsìkò yìí gan-an ni Alhaji Bàrúwà pinnu láti du ipò alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò. Ó fẹ́ tẹ pósítà, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìlú. Àwòrán kan ló sì wù ú jù láyé rẹ̀: agbádá funfun, ẹsẹ̀ kan lórí èkejì, ẹ̀rín ẹni tó ti wọlé ìbò kí wọ́n tó dìbò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú ilé ìkẹ́rùsí rẹ̀ ló ti ya àwòrán náà, àpò ìrẹsì tí wọ́n kọ èdè Faransé gàdàgbà sí lára ló sì kún ibẹ̀ dé òrùlé.

"Ìyá Habeebah," Alhaji ní, ó ń wẹ̀yìn bóyá ẹnì kan ń bọ̀, "ẹ bá mi yọ ìrẹsì yìí."

"Èwo nínú wọn?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Kò ní ku ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan náà ni wọ́n fi ń mú èèyàn."

Jẹ̀mílátù ti awò rẹ̀ sókè imú, ó wo àwòrán náà, ó wo Alhaji. "Màá yọ ọ́. Ṣé ẹ ti wo fọ́tò yìí dáadáa, Alhaji?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Jẹ̀mílátù wí, ó sì kọjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Nígbà tó ṣe tán, ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ tààrà sí àwọn tó ń tẹ pósítà ní Abẹ́òkúta, nítorí pé ìkánjú ń bá Alhaji. Ìgbà tí pósítà dé Ìlaró ni Alhaji tó rí i. Ìrẹsì ti lọ lóòótọ́. Ògiri funfun ló kù, ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n orí àpò ìrẹsì ni Alhaji jókòó lé lọ́jọ́ náà, ìyẹn náà sì ti bá àwọn yòókù lọ. Ọkùnrin náà wà lókè pẹ̀lú agbádá rẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí èkejì, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì sí nǹkan kan láàárín òun àti ilẹ̀.

Ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù. "Ìyá Habeebah, orí kí ni mo jókòó lé yìí?"

"Orí ìrẹsì ni. Ẹ sì ní kó má ku ẹyọ kan."

"Ẹ̀yin ò wá lè fi àga síbẹ̀?"

"Ṣé àga wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà?" Jẹ̀mílátù ò tilẹ̀ gbójú sókè. "Yíyọ ni iṣẹ́ mi, Alhaji. N kì í fi kún. Ẹni tó yọ nǹkan, ó dákẹ́ ni. Ẹni tó fi nǹkan kún un, ó parọ́ ni. Mo lè bá yín dákẹ́, n ò lè bá yín parọ́."

Àyè láti tún òmíràn tẹ̀ ti kọjá, wọ́n bá lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èrò ti pé jọ sí Sábó, wọ́n ń wo ọkùnrin tó jókòó láìsí ìjókòó. Ìyá àgbà kan tó gbé gàrí wá láti Ifọ̀nyìntẹ̀dó wò ó títí, ó sì rọra kúnlẹ̀ kí pósítà. Ẹni tó ń bá Alhaji du ipò ní òun ti jáwọ́, pé òun ní ìyàwó àti ọmọ. Alhaji Bàrúwà wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Títí di òní, tó bá ti dé ìpàdé, wọ́n máa ń sáré gbé àga fún un, kó má baà tún jókòó bẹ́ẹ̀ níṣojú wọn.

Jẹ̀mílátù ò bẹ̀rẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Kámẹ́rà onífíìmù ló fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní Aiyétòrò, ó sì ti yàwòrán fún ìdajì Ìlaró kí Ṣàíbù tó gbé kọ̀ǹpútà kan wálé. Iṣẹ́ ìtọ́jú ìwé ni Ṣàíbù ń ṣe nílé ìkàwé ní pólì. Ó ní ìtàn ìdílé òun lòun fẹ́ fi kọ̀ǹpútà náà kọ. Ó kọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó dìde lọ mu omi, nígbà tó fi máa padà, Jẹ̀mílátù ti wà lórí àga. Ìtàn ìdílé náà ò kọjá orúkọ bàbá rẹ̀ títí di òní.

Ohun àkọ́kọ́ tí Jẹ̀mílátù yọ láyé rẹ̀ ni aláǹgbá kan. Aláǹgbá yìí wà nínú fọ́tò ìgbéyàwó àwọn méjèèjì, lára ògiri, lókè fìlà Ṣàíbù gẹ́lẹ́. Látìgbà tí wọ́n ti gbé fọ́tò náà kọ́ sí pálọ̀ ni àlejò ti máa ń bèèrè bóyá ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n fi sórí fìlà ọkọ ìyàwó. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ṣàíbù jí, ó wo ògiri, aláǹgbá ti lọ. Fọ́tò mọ́ bí ẹni pé ìgbà náà gan-an ni wọ́n yà á.

"Ìyá Habeebah, aláǹgbá dà?"

"Mo ti yọ ọ́."

Ṣàíbù fọwọ́ kan ojú ibẹ̀. "Ó ti mọ́ mi lára."

"Gbogbo ọdún yìí," ni Jẹ̀mílátù wí, "èmi ni mo rò pé mo ti mọ́ yín lára."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti di pé gbogbo ohun tí ènìyàn ò fẹ́ rí nínú fọ́tò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Ìṣó ń bẹ lára ògiri, okùn aṣọ ń bẹ lẹ́yìn ìyàwó, ọmọ aládùúgbò tó sáré kọjá láìwọ ṣòkòtò ń bẹ láàárín àwọn mẹ́ńbà ẹgbẹ́. Jẹ̀mílátù á gbá máòsì mú, á tẹjú mọ́ ọn, á máa fi ahọ́n kan eyín bí ẹni tó ń họ ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ká tó wí ká tó fọ̀, nǹkan náà á ti lọ. Kò sì sí ẹni tó ń ná owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ná lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ohun tó máa yọ gan-an.

Bámikẹ́, olùkọ́ ní pólì, ló mú tirẹ̀ wá lọ́jọ́ kan. Wọ́n fẹ́ gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sí ọ́fíìsì. "Màmá, mo fẹ́ kí ẹ yọ àgbọ̀n kejì yìí, kí ẹ dín ikùn kù, kí ẹ sì bá mi nu ìlà ojú mi kúrò."

Jẹ̀mílátù wò ó láti orí dé àyà. "Ẹ mú àgbọ̀n."

"Ikùn ńkọ́?"

"Ikùn yẹn, ọmọ ló gbé. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

"Ẹ dín in kù díẹ̀, Màmá."

"Mo fún yín ní ìdajì àgbọ̀n, mo fi irorẹ́ ojú yẹn ṣe ènì."

"Ìdajì àgbọ̀n kẹ̀? Ẹ ti fún mi ní odidi tẹ́lẹ̀."

"Kí ẹ tó dárúkọ ìlà nìyẹn. Ìlà yìí, bàbá yín ló ní kí wọ́n bù ú. Ṣé wọ́n wà láyé?"

"Wọ́n wà."

"Ẹ lọ mú wọn wá kí wọ́n wá sọ pé kí n nù ún."

Bámikẹ́ jẹ́ ẹni tó ń fi àríyànjiyàn jẹun, kò sì fẹ́ gbà. Ó fa àga, ó jókòó. "Màmá, ẹ ní ẹ kì í fi kún. Ewúrẹ́ tí ẹ yọ nínú fọ́tò ọ̀rẹ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣebí ògiri lẹ fi dí ojú ibẹ̀. Ògiri yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ò fi kún un ni?"

Ṣàíbù, tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, dáwọ́ ẹ̀pà dúró. Ó rò pé lọ́jọ́ òní, wọ́n ti mú ìyàwó òun.

"Ògiri wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀," ni Jẹ̀mílátù wí. "Ewúrẹ́ ló dúró sí iwájú rẹ̀. Ẹ tún ní ìbéèrè, olùkọ́?"

Olùkọ́ gbé ìdajì àgbọ̀n rẹ̀ lọ sílé, kò sì gbàgbé láti gba irorẹ́ tí wọ́n fi ṣe ènì.

Ọ̀rọ̀ yíyọ ènìyàn ló wá le jù. Jẹ̀mílátù kì í yọ ẹni tó wà láàyè láìjẹ́ pé onítọ̀hún fọwọ́ sí i. Fágbénró tó ń ta ẹ̀rọ ìlọta ní ọ̀nà Aiyétòrò wá pé kó yọ ìyàwó tí òun kọ̀ sílẹ̀ kúrò nínú fọ́tò ọjọ́ ìwúyè òun. Jẹ̀mílátù ní kó lọ gba àyè lọ́wọ́ obìnrin náà. Fágbénró ní àwọn ò bá ara àwọn sọ̀rọ̀ mọ́. Jẹ̀mílátù ní ìyẹn náà dáa, kí wọ́n máa wà nínú fọ́tò láìbá ara wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tó yá, Fágbénró lọ. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, àmọ́ àwọn méjèèjì ló padà wá, wọ́n sì jìnnà síra wọn bí ọ̀pá iná. Obìnrin náà, Fúnkẹ́, ní òun gbà kí wọ́n yọ òun, tí wọ́n bá yọ Fágbénró náà kúrò nínú ẹ̀dà tòun. Jẹ̀mílátù ṣe é. Ó yọ ọkọ, ó yọ apá rẹ̀, ó dé orí ọwọ́ tó gbé lé èjìká Fúnkẹ́. Ó dúró. "Ọwọ́ yìí ló kù," ó ní. "Ṣé kí n yọ ọ́?"

Fúnkẹ́ wo ọwọ́ tó dá wà lórí èjìká rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Ẹ fi sílẹ̀ ná," ó ní. "Òtútù mú lọ́jọ́ yẹn."

Ṣàíbù rò pé kò sí ohun tó lè mú ìyàwó òun yí òfin rẹ̀ padà. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà wá kan ọmọ bíbí inú wọn ló tó mọ bí ó ṣe le tó.

Habeebah, ọmọ wọn, fẹ́ fẹ́ Basit. Ìlaró ni Basit ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni, lódìkejì bodè, ibẹ̀ sì ni ìyá rẹ̀ wà. Wọ́n ti mú ọjọ́ yìgì kí ìjọba tó ti ọ̀nà pa. Àwọn kan nínú ẹbí ọkọ gun alùpùpù gba inú igbó wọlé. Ìyá Basit ní tòun ò lè rí bẹ́ẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀pá ni òun fi ń rìn. Lẹ́ẹ̀kejì, òun ò ní gba inú igbó lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ òun bí àpò ìrẹsì.

Ó wá ní kí wọ́n ṣe yìgì, òun fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n òun fẹ́ wà nínú fọ́tò. Ó wọ aṣọ rẹ̀, ó dúró sí ẹ̀yìnkùlé ní Kétu, wọ́n yà á, wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù Basit. Basit bá gbé e wá bá ìyá ìyàwó rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Màmá, ẹ kàn bá wa fi Màámi kún un. Ẹ̀gbẹ́ Habeebah ni kí ẹ fi wọ́n sí."

Jẹ̀mílátù gba fóònù, ó wo obìnrin tó dá dúró nínú aṣọ ìgbéyàwó lẹ́yìnkùlé, tí adìẹ kan ń jẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "N kì í fi kún, Basit."

"Ẹ̀ẹ̀kan yìí, Mọ́mì," ni Habeebah wí.

"Mi ò ṣe é fún Alhaji. Mi ò ṣe é fún ẹnikẹ́ni."

"Èmi àti Alhaji di ọ̀kan náà lójú yín?"

Habeebah wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Kò jẹun. Lọ́jọ́ kejì náà, kò jẹun, kò sì kí ìyá rẹ̀ káàárọ̀, ohun tí kò ṣe rí. Ṣàíbù tí kì í bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní ibi ìdáná.

"Ọmọ kan ṣoṣo la bí, Ìyá Habeebah. Ṣé nítorí fọ́tò ni wàá ṣe pàdánù ẹ̀?"

Jẹ̀mílátù ń ṣa ẹ̀wà. "Bàbá Habeebah, mo lè lẹ obìnrin yẹn mọ́ fọ́tò ìgbéyàwó, kí ẹ tó mí. Á sì dára. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tó bá gbójú sókè wò ó, ohun tó máa rántí ni pé òun ò sí níbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni òun wà, pẹ̀lú adìẹ." Ó gbọn ìyàngbò ẹ̀wà dànù. "Ẹ bá mi wá bọ́ọ̀sì."

"Bọ́ọ̀sì ibo?"

"Ti Ìlárá, ní ẹnu bodè. Ẹ sọ fún gbogbo ẹbí pé kí wọ́n wọ aṣọ ìgbéyàwó. Kí Basit náà pe ìyá rẹ̀ kó pàdé wa níbẹ̀, ní apá ọ̀dọ̀ tirẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe yìgì ní Ìlaró, tí wọ́n sì kó odidi ẹbí sínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n gba Aiyétòrò, wọ́n gba Ìmẹ̀kọ, wọ́n dé Ìlárá. Ẹnu bodè wà bí ìjọba ṣe fi í sílẹ̀: igi gbọọrọ kan dábùú ọ̀nà, àwọn dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n rọ yanrìn sí wà nídìí rẹ̀, àwọn aṣọ́bodè sì wà lábẹ́ ìbòòji. Lódìkejì igi náà, lórí àga oníke kan, Ìyá Basit jókòó láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, ó fọwọ́ lé orí ọ̀pá rẹ̀.

Ọ̀gá àwọn aṣọ́bodè, Ọ̀ṣunníyì, jáde wá. "Kò sí ẹni tó lè kọjá, Màmá."

"A ò fẹ́ kọjá," ni Jẹ̀mílátù wí.

"Kí lẹ wá fẹ́ ṣe?"

"A fẹ́ dúró ni."

"Ẹ fẹ́ dúró ṣe kí ni?"

"Ká kàn dúró, ọ̀gá. Ṣé ìjọba ti ìdúró náà pa ni?"

Ọ̀ṣunníyì wo àwọn ènìyàn rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún wọn nípa ìrẹsì, wọ́n ti sọ nípa ọkọ̀ àlòkù, wọ́n ti sọ nípa epo. Ẹnikẹ́ni ò sọ nípa ìdúró. Ó ní kí wọ́n dúró.

Jẹ̀mílátù bá lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà, ní ìdí igi náà gan-an. Ó kọ́kọ́ ya ibẹ̀ lófìfo, kó lè mọ ohun tó wà lẹ́yìn gbogbo nǹkan. Lẹ́yìn náà, ó tò wọ́n. Ẹbí ìyàwó dúró sápá ọ̀tún igi, ẹbí ọkọ sápá òsì, gbogbo wọn kọjú sí i. Ó ní kí wọ́n sún, wọ́n sún. Ó ní kí wọ́n tún sún, wọ́n sún títí aṣọ wọn fi kan igi. Bí Ọ̀ṣunníyì ṣe rí kámẹ́rà, ó ki ẹ̀wù rẹ̀ bọ ṣòkòtò, ó tún fìlà ṣe, ó sì lọ dúró láàárín méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, ó gbé àyà síwájú. Jẹ̀mílátù gbé kámẹ́rà sójú.

"Bon, ó dáa," ni Ìyá Basit wí, ó sì na ọwọ́ lórí igi. "Ọmọ mi, mú ọwọ́ mi."

Habeebah mú un. Ọ̀ṣunníyì rí ọwọ́ méjì tó rékọjá bodè láìsí ìwé, ó sì rọra kọjú sí kámẹ́rà. Ewúrẹ́ kan jáde láti ọ̀dọ̀ Kétu, ó gba abẹ́ igi kọjá, ó dúró láàárín wọn. Ìgbà náà ni Jẹ̀mílátù tẹ kámẹ́rà.

Ó jókòó ti fọ́tò yẹn ju gbogbo fọ́tò tó ṣe rí lọ. Ṣàíbù máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un ní ṣọ́ọ̀bù, á bá a níbi tó ti ń fi ahọ́n kan eyín. Ó yọ igi. Ọ̀dà ọ̀nà wà lábẹ́ rẹ̀. Ó yọ àwọn dúrọ́ọ̀mù, ó yọ yanrìn, ó yọ àwọn aṣọ́bodè lọ́kọ̀ọ̀kan, igi máńgòrò wà lẹ́yìn wọn. Ewúrẹ́ nìkan ló fi sílẹ̀, ó ní ewúrẹ́ nìkan ni wọn ò dá dúró. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́ jáde, tó gbé e fún Habeebah, ẹbí kan ṣoṣo ló dúró lójú títì kan ṣoṣo, ìyá ọkọ di ìyàwó lọ́wọ́ mú, kò sì sí nǹkan kan láàárín wọn. Habeebah gbé fọ́tò náà mọ́ àyà, ó wọ inú ilé lọ, ó bu ẹ̀wà, ó jẹ ẹ́ tán.

Kò pẹ́ sí i ni Ọ̀ṣunníyì wá sí Ìlaró láìwọ aṣọ iṣẹ́. Ó ní òun wá gba fọ́tò òun. Jẹ̀mílátù gbé e fún un. Ó wò ó sọ́tùn-ún, ó wò ó sósì, ó yí i padà bóyá òun wà lẹ́yìn.

"Màmá, èmi dà?"

"Mo yọ yín."

"Wọ́n ní ẹ kì í yọ ènìyàn láìgba àyè lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọ̀gá," ni Jẹ̀mílátù wí, "ẹ̀yin náà ò gba àyè lọ́wọ́ wa kí ẹ tó ti ọ̀nà."

Ọ̀ṣunníyì fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. Jẹ̀mílátù bá fa èyí tí kò tíì yọ nǹkan kan nínú rẹ̀ jáde, ó fi ta á lọ́rẹ. Nínú ìyẹn, Ọ̀ṣunníyì ló wà láàárín gbùngbùn, ẹbí méjì tò yí i ká nínú aṣọ olówó ńlá. Ó gbé e lọ han ìyá rẹ̀ ní Òṣogbo. Wọ́n ní ìyá náà wò ó, ó bú sẹ́kún, ó ní kí ló dé tó fi gbéyàwó tí kò sọ fún ẹnì kan nílé.

Wọ́n ti ṣí bodè padà nígbà tí àìsàn dé bá Jẹ̀mílátù. Kò pẹ́ lórí rẹ̀. Ìyá Basit ló kọ́kọ́ dé láti Kétu, ó gba ojú títì wá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó sì jókòó tì í títí Jẹ̀mílátù fi dákẹ́. Nígbà àdúà, ìtàn ló gbalẹ̀ ju omijé lọ. Alhaji Bàrúwà dìde láti sọ̀rọ̀, ẹnì kan sì sáré ti àga sí i lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, gbogbo wọn padà sílé wọn, Habeebah padà sí Kétu níbi tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó lọ nígbà tí bodè ṣí, ó wá ku Ṣàíbù lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tó tì pa. Kò mọ ohun tó lè ṣe ju kó máa wá síbẹ̀ lójoojúmọ́ lọ.

Ibẹ̀ ni Dinah, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bá a lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ní ti ìyá òun tó ti di olóògbé ni fọ́tò tí òun mú dání, ìyẹn nìkan ló kù. Ìgúnpá ẹnì kan tó ń jẹun ló yọ wọ inú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìyá náà létí. Màmá ti ṣèlérí pé àwọn á bá òun yọ ọ́. Ó wá kí Bàbá ni, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fọ́tò ti kọjá.

Ṣàíbù gba fọ́tò náà. Ó wò ó. Kò mọ ohun tó dé bá a, ó kàn gbọ́ tí òun ń sọ pé, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó."

Kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà látọjọ́ ìtàn ìdílé, ṣùgbọ́n ó ti jókòó lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún, ojú rẹ̀ sì ti rí i. Ó tàn án. Ó gbé fọ́tò náà sínú rẹ̀ bó ṣe rí i tí wọ́n ń ṣe. Ó gbá máòsì mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ ìgúnpá. Ìgúnpá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ìgbà náà ni fóònù dún, Habeebah ni, láti Kétu.

"Bàbá, ibo lẹ wà?"

"Ṣọ́ọ̀bù."

"Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń yọ ìgúnpá."

"Bàbá, ẹ rọra o. Ẹ má lọ yọ etí onítọ̀hún."

Ṣàíbù wo ojú kọ̀ǹpútà. "Ó ti bọ́," ó ní.

Dinah na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, gèlè wà lórí, ẹ̀rín wà lẹ́nu, ìgúnpá ti lọ, etí òsì náà sì ti lọ. "Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Bàbá," ni Dinah wí. "Wọn ò gbọ́rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà ayé wọn náà."

Ẹ̀rín tó jáde lẹ́nu Ṣàíbù ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó rín in títí ó fi di tábìlì mú, Dinah ń rín, Habeebah ń rín nínú fóònù, kò sì mọ ìgbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú òun. Nígbà tó rọlẹ̀, Habeebah kọ́ ọ ní ibi tó máa tẹ̀ kí etí tó padà. Etí padà, ìgúnpá náà bá a padà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ ń sọ ọ́ láti Kétu, bàbá ń họ ọ́ ní Ìlaró, títí ìyá Dinah fi wà nínú fọ́tò náà ní òun nìkan, pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì.

Dinah dúpẹ́, ó lọ.

"Bàbá," ni Habeebah wí, "ẹ lọ jẹun. Ẹ pa kọ̀ǹpútà yẹn."

Ṣàíbù wo ojú kọ̀ǹpútà tó ń tàn, ó wo awò Jẹ̀mílátù tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì fi àwọ̀lékè rẹ̀ nu ekuru ojú awò náà.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ ná," ó ní. "Mo ṣì wà níbí."